Orin tèmi, orúkọ ẹlòmíì: ìrírí mi kí n tó máa dá kọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gberin lẹ́yìn ọ̀gá kan, tẹ́ ẹ sì ń kọ orin tiyín pamọ́ sínú ìwé tàbí sínú fóònù, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wà nínú bándì ẹlòmíì kí n tó jáde ní 2009. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín ìgbà yẹn, owó wà níbẹ̀ o, àmọ́ owó kọ́ ló dùn mí jù. N ò ní fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tèmi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Awakọ̀ ni bàámi, lọ́rì 911 ni wọ́n ń wà, kì í sì í ṣe tiwọn, ẹnì kan ló ni ín tí wọ́n ń dáwó fún. Wọ́n á gba Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, lọ sí Mọ́kwà, títí dé Kánò, wọ́n á kó àlùbọ́sà àti tòmátì bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ọ̀kan Jim Reeves, ọ̀kan Don Williams, àwọn méjèèjì tó ń kọ orin kọ́ńtírì ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan Sunny Adé, eléré jùjú, tí téèpù bá ti lọ́ pọ̀, èmi ni màá ki bírò bọ ihò ẹ̀ tí màá máa yí i títí á fi padà sípò. Bàámi ò gbọ́ Òyìnbó ju èyí tí wọ́n fi ń dá ọlọ́pàá lóhùn lójú ọ̀nà lọ, síbẹ̀ wọ́n mọ orin Jim Reeves látòkèdélẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan tá a wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo bi wọ́n pé kí lọkùnrin yìí ń sọ gan-an. Wọ́n ní, "Kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ìyẹn náà tó fún mi."

Onítẹ̀bọmi ni wá nílé. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti wọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, àwọn ìpínlẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi Georgia, ni wọ́n ti wá, agbègbè yẹn náà sì ni orin kọ́ńtírì ti hù. N ò mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ di gìtá ṣọ́ọ̀ṣì mú ní 1995, okùn mẹ́rin ló kù lára ẹ̀ nínú mẹ́fà, kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni olórí kọ́áyà kọ́ mi, G, C àti D, mo wá rí i pé mẹ́ta yẹn gbé ọ̀pọ̀ orin ìsìn wa, ó sì gbé orin inú ọkọ̀ bàámi. Ìka mi bó, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó tún bó. Màámi máa ń fi òrí pa á fún mi lálẹ́.

Mo dé Ìbàdàn ní 1999. Mò ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́sàn-án, mò ń kọrin Jim Reeves fáwọn àgbà tó ń mu bíà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá lálẹ́, oúnjẹ ni wọ́n fi ń sanwó mi. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti gbọ́ ohùn mi ní 2001. Eléré jùjú ni wọ́n, orúkọ wọn ń dún dáadáa lágbègbè wa nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n wá máa ta gìtá kejì, kí n sì máa gberin.

Ẹni tó bá ti ṣe ọmọ bándì rí ló mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀yin lẹ máa gbé sípíkà, ẹ̀yin lẹ máa sùn nínú bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá ṣeré di ìdájí, owó tí wọ́n ná, ọmọ kan wà tó ń ṣà á sínú àpò, ẹ ẹ̀ ní fọwọ́ kàn án. ₦1,500 ni mò ń gbà lóde kan. Mi ò ráhùn, torí mò ń kọ́ṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń wojú agbo kí wọ́n tó pààrọ̀ orin, bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn tí ara ẹ̀ á yá, ìgbà tó yẹ kí gìtá dákẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn pọ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́.

Bàámi kú ní 2003, àtọ̀gbẹ ni. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú tí orin kan wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn á ra ọkọ̀ tàwọn, wọn ò rà á títí wọ́n fi lọ, òun ni orin náà dá lé. Ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ ni "Ọkọ̀ bàámi ò tíì dé." Mo mú ohùn ẹ̀ bí orin òyìnbó, ó ń gòkè bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mo gbé e lọ síbi tá a ti ń dánrawò. Onígángan wa, àgbàlagbà kan, fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá fi ìlù pè é bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ohun tí ìlù sọ ni pé ọkọ́ bàámi ò tíì dé. Bàbá yẹn wò mí, wọ́n ní, "Àgbẹ̀ ni bàbá ẹ ni?"

Ojú tì mí, inú mi sì bà jẹ́, torí omijé ni mo fi kọ orin yẹn. Ọ̀gá mi ló sọ pé kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó já sílẹ̀ níbi ọkọ̀ yẹn, má gbé e gòkè. Tó o bá dé 'dé', ibẹ̀ ni kó o ti wá gbé e." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ìjásílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí orin náà dà bí ẹni tó ń mí kanlẹ̀. Ẹ fọkàn síbi tí mo dé yìí, torí ó ń bọ̀ wá ṣe pàtàkì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ irú orin yìí, ibí niṣẹ́ wà o. Ọkọ, re re. Ọkọ̀, re dò. Ọkọ́, re mí. Kò sí kọ́ọ̀dù tó máa gbà ẹ́ sílẹ̀ tó o bá gbé e gba ibi tí kò yẹ. Ohun tí mò ń ṣe títí dòní ni pé mo kọ́kọ́ máa ń sọ ìlà orin lẹ́nu lásán bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màámi, lẹ́yìn náà màá pa ẹnu dé, màá tún un sọ nínú imú, ohùn tó bá jáde yẹn ni orin, ìgbà yẹn ni mo tó ń wá kọ́ọ̀dù sí i. Àwọn orin ìsìn àtijọ́ kan wà tí wọ́n tú látinú Òyìnbó tí ohùn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìjọ ń gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé torí ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn. Lóde ìnáwó, kò sẹ́ni tó mú ìwé dání.

Ní 2005 ọ̀gá mi gbé àwo jáde, orin bàámi sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n fún ọmọ bándì kọ̀ọ̀kan ní kásẹ́ẹ̀tì kan, mo yí páálí ẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀gá ló kọ gbogbo orin. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn agberin, wọ́n tiẹ̀ ṣì í kọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí yẹn lọ́wọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n fún mi ní ₦10,000 àti aṣọ léèsì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dúpẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí tí oorun bá dá lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò dìgbà tó o bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan kí orin tó jẹ́ tìẹ, gbàrà tó o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tó o gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ló ti jẹ́ tìẹ. Òfin Copyright Act 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní March 2023, ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ lè jẹ ẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni ẹ̀rí. Kí lo máa mú jáde tí ọ̀rọ̀ bá dé? Orin kan sì ní ẹ̀tọ́ méjì nínú: ọ̀rọ̀ àti ohùn tí èèyàn jókòó kọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó sanwó sítúdíò lè ni ẹlẹ́ẹ̀kejì kó má ni àkọ́kọ́. Èmi rò pé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló sanwó, ó ti parí nìyẹn. Torí náà, kó o tó kọ orin sétí ẹnikẹ́ni, bó ṣe ọ̀rẹ́ bó ṣe ẹbí, gbà á sínú fóònù ẹ, fi ránṣẹ́ sí ara ẹ ní íméèlì, ọjọ́ á wà lórí ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n á ní ká kọ ọ́ lóde, àwọn èèyàn á máa ná ọ̀gá lówó, èmi ni mò ń ta gìtá sí orin bàámi lẹ́yìn wọn. Mi ò bá wọn sọ ọ́ rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, mi ò sọ ọ́. Ọjọ́ kan ní 2009 tá a ti òde Abẹ́òkúta dé, mo pa fóònù, mi ò padà lọ mọ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo fa onígìtá béèsì àti onídírọ́ọ̀mù lọ́wọ́ dání. Ọ̀gá ní òde lọ́jọ́ Sátidé yẹn, owó ti wọlé, wọn ò ní béèsì, wọn ò ní dírọ́ọ̀mù.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó ka ìtàn Dolly Parton, akọrin kọ́ńtírì ará Amẹ́ríkà. Àwọn méjìlá ni ìyá wọn bí ní Tennessee, àpò ìyẹ̀fun àgbàdo ni bàbá ẹ̀ fi sanwó dókítà tó gbẹ̀bí ẹ̀. Ní 1967 ó bọ́ sẹ́yìn olórin kan tó ń jẹ́ Porter Wagoner, ó ń kọrin nínú ètò tẹlifíṣọ̀n ìyẹn, nígbà tó tó àkókò tó fẹ́ dá dúró, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé bá ọ̀gá sọ, wọ́n ti ń jà lórí ẹ̀. Ló bá lọ kọ orin ìdágbére, ó gbé e lọ sọ́fíìsì ọ̀gá, ó kọ ọ́ sí i létí, ọ̀gá sunkún, Dolly sì lọ ní 1974. Ọ̀gá ṣì pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó yanjú ẹ̀ o, mi ò sọ pé ó rọrùn. Orin yẹn kan náà ni wọ́n fẹ́ kí Elvis Presley kọ, mánéjà Elvis ní àfi kí Dolly fún àwọn ní ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà, ó kọ̀, ó sunkún lálẹ́ yẹn àmọ́ ó kọ̀, nígbà tí Whitney Houston wá kọ ọ́ ní 1992, orin náà ṣì jẹ́ tiẹ̀. Èyí tó mú mi nínú ìtàn yẹn kì í ṣe owó. Ó wọlé tọ ọ̀gá ẹ̀ lọ. Èmi pa fóònù.

Ohun tó tẹ̀ lé e le. Àwọn ọ̀gá bándì ń bára wọn sọ̀rọ̀, láàárín oṣù kan gbogbo wọn ti mọ̀ mí sí ẹni tó ń da ilé rú, kò sẹ́ni tó pè mí fún iṣẹ́. Àwọn méjì tí mo fà lọ́wọ́ fi mí sílẹ̀ kó tó pé oṣù márùn-ún, mi ò bínú sí wọn, mi ò lówó tí mo lè san fún wọn. Mo wá ní kí n gbé àwo tèmi jáde ní 2010. ₦420,000 ni mo ní nílẹ̀, ìyàwó mi yá ₦250,000 kún un ní alájẹṣẹ́kù wọn. Mo dá agbádá, mo háyà ọmọ bándì mẹ́sàn-án, mo ń ki àwọn olówó tí mi ò mọ̀ rí, gbogbo nǹkan tí ọ̀gá mi ń ṣe ni mo ṣe, nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀gá mi wà láyé tó ń ṣe é lọ, ta ló máa wá ra ẹ̀dà? Mo tẹ CD 3,000. Mákẹ́tà kan kó 2,000 lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mi ò rí i mọ́. Ọjọ́ ìkójáde, àga 300 la tò sí gbọ̀ngàn, èèyàn mọ́kànlélógójì ló wá. Ìyàwó mi bu ìrẹsì tó kù sínú kúlà láìsọ nǹkan kan, a jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún méjì ló fi san gbèsè alájẹṣẹ́kù yẹn látinú owó oṣù ẹ̀.

Tó o bá ní ìyàwó tàbí ọkọ, má fi owó wọn gbé àwo. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi lọ ní 2012. Ilé ọtí ni mo ti ń ṣeré, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn mi tó ń bú, mo ń pariwo bo ó mọ́lẹ̀. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í há, mo ń jẹ orógbó, mo ń jẹ atalẹ̀, mo ń mu ẹyin tútù, ẹnì kan ní kí n fi ògógóró ṣan ọ̀fun, mo ṣe é, ó ń burú sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe ìyẹn kí n tó lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Wọ́n ti nǹkan tín-ín-rín kan tó ní kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun mi, wọ́n fi hàn mí: kókó kéékèèké méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, lórí awọ tó ń gbé ohùn jáde, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá le lójú kan nítorí ọkọ́. Wọ́n ní kò gba iṣẹ́ abẹ. Kí n dákẹ́, kí n má kọrin, kí n má sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá torí wúyẹ́wúyẹ́ náà ń ni ohùn lára, kí n máa mu omi, kí n má jẹun sùn, kí n máa padà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohùn. Ẹni tí ohùn ẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dúró ti orógbó.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti rí ara mi. Mo ń jókòó sẹ́yìn ilé lálẹ́, mo ń ta gìtá kí n má bàa sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì gbà mí láyè láti kọrin padà, ohùn jẹ́jẹ́ nìkan ni mo lè lò, mo sún mọ́ máíkì débi pé ètè mi ń kàn án. Mo gbọ́ ara mi, mo rántí bàámi. Kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé Jim Reeves gan-an ò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkè ni òun náà ń gbé ohùn sí tẹ́lẹ̀, àfi ní 1957 tó sún mọ́ máíkì tó ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀.

Mo fi bándì sílẹ̀ pátá. Gìtá kan, àga kan, orin Yorùbá tí mo kọ fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ àwọn èèyàn lára jẹ́ ní 2014, níbi àìsùn òkú bàbá awakọ̀ kan, ọmọ wọn ló gbọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn awakọ̀ kún ibẹ̀. Mo kọ "Ọkọ̀ bàámi ò tíì dé," mi ò sọ pé èmi ló kọ ọ́ torí mi ò lẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó jó. Àgbà awakọ̀ kan ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí, àìsùn òkú, ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún àwọn bàbá tó fẹ́ràn Jim Reeves, Ọ̀yọ́, Ṣakí, Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe owó ńlá, àmọ́ mi ò ní ẹni tí mò ń jẹ ní gbèsè. Mo máa ń gba ìdajì owó ṣáájú, mo ń gbé máíkì àti sípíkà kékeré tèmi lọ, okùn gìtá tuntun kan wà nínú àpò mi nígbàkigbà, owó tí wọ́n bá ná mi, mi ò kà á mọ́ owó iṣẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé orin òyìnbó ni mò ń kọ. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti fetí sí Sunny Adé dáadáa. Gìtá tó ń fà bí ẹni ń sunkún nínú àwo wọn ti 1982, èyí tí Demola Adepoju ń ta, irú gìtá tó ń sunkún nínú orin kọ́ńtírì gan-an nìyẹn. Irú orin méjèèjì wà nínú ọkọ̀ bàámi, wọn ò jà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló kù. Ní 2019 ni mo lọ bá wọn, ọdún mẹ́wàá gbáko, mo mú onígángan wa àtijọ́ yẹn dání kó bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì nítorí òde Sátidé ọjọ́ náà, mo ní kì í ṣe bó ṣe yẹ kí n lọ nìyẹn. Wọn ò dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ orin, ohùn mi ń gbọ̀n, mo ní orin bàámi ni, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ní kó o jẹ́ kó já sílẹ̀ níbi ọkọ̀?"

Òótọ́ ni. Fún ọdún mẹ́rìnlá tí mo fi ń sọ nínú ara mi pé wọ́n jí orin mi, mi ò dárúkọ ìjásílẹ̀ yẹn rí. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, tèmi ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú èèyàn nínú ohùn ẹ̀, àwọn ló fún mi. Ká ní a jókòó lọ́jọ́ tá a dánrawò yẹn, ká kọ ọ́ sórí ìwé pé ta ló mú kí ni wá, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Onígángan wa ló ní ká pín in, àádọ́rin tèmi, ọgbọ̀n tiwọn nínú ọgọ́rùn-ún. Fúlúsíkáàpù la kọ ọ́ sí, gbogbo wa fọwọ́ sí i, ọmọ wọn tó ń bójú tó orin wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì tún orúkọ tó wà níbẹ̀ ṣe.

Owó àkọ́kọ́ tó wọlé lórí ẹ̀ jẹ́ ₦3,740. Mo fi ránṣẹ́ sí màámi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n pè mí padà pé owó kí nìyí, pé ṣebí mo ti fún àwọn ní tòṣù yìí. Mo ní owó ọkọ̀ bàámi ni.